Físà Ìlú Ọba: Bí Ẹ Ṣe Máa Ka Ọjọ́, Àti Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Bí Èsì Bá Pẹ́

“Mo ti sanwó físà láti oṣù tó kọjá, wọn ò tíì dá mi lóhùn. Ṣé wọ́n ti kọ̀ mí nìyẹn?”

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ìbéèrè yìí kì í wọlé sí mi. Bí mo bá sì bi ẹni náà léèrè ọjọ́ tó lọ tẹ ìka, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. A jẹ́ pé wọn ò tíì pẹ́ rárá. Ibi tí kò yẹ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ nílé tiwa náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ sí Manchester, a sọ fún ìyá wa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni físà máa gbà. Ọjọ́ tí a sanwó ni a ti ń kà á. A ò wò ó pé ọjọ́ ìtẹ̀ka tó ṣí sílẹ̀ ṣì kù ní ọjọ́ méjìdínlógún. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé yí padà, owó yẹn sì gbé. Físà Màmá jáde láìsí wàhálà kankan, àmọ́ wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ kí ó tó débẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ó ṣe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń ti Nàìjíríà béèrè físà Ìlú Ọba ni mo kọ èyí fún, torí òun ni wọ́n ń bi mí jù. Schengen (físà kan tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù), Kánádà àti Amẹ́ríkà wà nísàlẹ̀, ní ṣókí.

Ọjọ́ wo gan-an ni kíkà bẹ̀rẹ̀?

Ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú ọ̀rọ̀ físà, àwọn èèyàn sì máa ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn:

- ọjọ́ tí ẹ sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì;
- ọjọ́ tí ẹ tẹ ìka, tí wọ́n ya àwòrán ojú yín ní ibùdó tí wọ́n ti ń gba ìwé;
- ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ físà ní Ìlú Ọba pinnu;
- ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù padà sọ́wọ́ yín.

Iye ọ̀sẹ̀ tí ìjọba Ìlú Ọba kọ sójú òpó gov.uk, àárín ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ló dá lé. Ọjọ́ tí ẹ fi wá àyè ìtẹ̀ka kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù fi ń bọ̀ láti ibùdó kò sí níbẹ̀ náà.

Iye tí wọ́n sábà máa ń sọ fún ẹni tó ń béèrè láti òkè òkun nìyí:

- físà ìbẹ̀wò: ọ̀sẹ̀ 3, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ 15;
- físà akẹ́kọ̀ọ́: ọ̀sẹ̀ 3;
- físà iṣẹ́: ọ̀sẹ̀ 3;
- físà ọkọ tàbí aya: ọ̀sẹ̀ 12.

Ẹ tún un wò fúnra yín lórí gov.uk ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, torí wọ́n máa ń yí i padà. Kí ẹ sì mọ̀ pé wọn ò ṣèlérí. “Lọ́pọ̀ ìgbà” ni ohun tí wọ́n ń sọ. Ó máa ń yá fún àwọn kan, ó sì máa ń pẹ́ fún àwọn kan.

Bí a ṣe ń kà á

1. Ẹ kọ ọjọ́ ìtẹ̀ka sílẹ̀. Ẹ má fi rìsíìtì tí wọ́n bá fún yín níbẹ̀ ṣeré.
2. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni kí ẹ pè ní ọjọ́ kìíní.
3. Ẹ fo Àbámẹ́ta àti Àìkú.
4. Ẹ fo ọjọ́ ìsinmi ìjọba Ìlú Ọba. Tiwọn ni o, kì í ṣe tiwa.
5. Nígbà tí ẹ bá kà á dé ọjọ́ 15, ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún kún un fún pásípọ́ọ̀tù láti padà dé. Èmi ló fi márùn-ún yìí kún un, ìjọba kọ́, àmọ́ ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní ẹ sanwó ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 23 oṣù Kejì, ọdún 2026, àyè ìtẹ̀ka tí ẹ sì rí jẹ́ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 16 oṣù Kẹta. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 17, ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá fi máa dé Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, ọjọ́ iṣẹ́ 13 ni. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e jẹ́ Good Friday, Ọjọ́ Ajé tó sì tẹ̀ lé ìyẹn jẹ́ Ajé Àjíǹde. Ẹ fo méjèèjì. Ọjọ́ 15 wá bọ́ sí Ọjọ́rú, ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin. Ẹ fi márùn-ún wa kún un, ó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin.

Ẹni tó ka ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ọjọ́ tó sanwó ti ń retí èsì ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, kó tó di pé ó tẹ ìka rárá. Ibi tí àìsùn ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìsinmi tiwa, bí Iléyá tàbí Ìtúnu Ààwẹ̀, kì í dá òṣìṣẹ́ tó ń pinnu ní Ìlú Ọba dúró, ṣùgbọ́n ibùdó tí ẹ ti máa gba pásípọ́ọ̀tù lè tì pa. Ìwé lè ti wà nílẹ̀ kí ẹ má rí i gbà títí ìsinmi á fi tán.

Kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́

Ibí ni ẹ ti lágbára jù. Tí ìwé bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ohun tí ẹ lè ṣe kò pọ̀ mọ́.

1. Ẹ wo àyè ìtẹ̀ka kí ẹ tó mú ọjọ́ ìrìn àjò. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rọ́ lọ, àti bí ọdún Kérésì bá ti ń súnmọ́, àyè kì í tètè ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, ẹ ka owó ọkọ̀ àti ibi tí ẹ máa sùn mọ́ ọn.

2. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kó má ṣáájú àsìkò tí wọ́n gbà. Físà ìbẹ̀wò àti ti iṣẹ́, oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò ni ẹ lè ti béèrè fún un. Ti akẹ́kọ̀ọ́, oṣù mẹ́fà ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró di ìgbà tó ku oṣù kan, wọn ò sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń dúró.

3. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lò ju oṣù mẹ́fà lọ láti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣe é, ní ilé àyẹ̀wò tí ìjọba Ìlú Ọba fọwọ́ sí nìkan. Oṣù mẹ́fà ni ìwé rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ṣe é níbi tí wọn ò fọwọ́ sí, asán ni.

4. Owó akẹ́kọ̀ọ́. Owó náà gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 tó tẹ̀ lé ara wọn láìdín rárá, ọjọ́ ìkẹyìn nínú ọjọ́ 28 yẹn kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí ẹ béèrè fún físà. Mo ti rí ẹni tí owó rẹ̀ dín fún ọjọ́ kan ṣoṣo, torí ó fi san owó iná, tí gbogbo rẹ̀ sì dàrú.

5. Ẹ kọ ìwé àlàyé kan tí kò ju ojú ewé kan lọ. Ta ni yín, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe, ta ló ń sanwó, kí ló máa mú yín padà sílé. Kí ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ bá ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù mu délẹ̀délẹ̀.

Kí ló ń dá ìwé dúró?

Àsìkò tí ìwé pọ̀ nílẹ̀ máa ń fà á, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí mo ti bá wò ó, ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé òṣìṣẹ́ rí ohun kan tó fẹ́ wádìí.

Ẹ mú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Òṣìṣẹ́ lè pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà. Bí fóònù bá ń dún tí ẹnikẹ́ni kò gbé e, tàbí tí ẹni tó gbé e sọ pé òun ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwé yín ti bọ́ sí ọ̀nà míì nìyẹn. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín, kí ẹ sọ fún wọn pé wọ́n lè pè. Ẹ sọ fún akọ̀wé tó ń gbé fóònù náà pẹ̀lú. Ohun kékeré ni, àmọ́ èèyàn díẹ̀ ló ń rántí rẹ̀.

Owó báńkì náà ńkọ́? Bí ₦150,000 bá ń wọlé lóṣooṣù, tí mílíọ̀nù márùn-ún wá ṣàdédé já wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ìbéèrè tó máa wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni ni pé níbo ló ti wá. Ó lè jẹ́ owó ilẹ̀ tí ẹ tà tàbí àjọ tí ẹ kó, òtítọ́ pọ́ńbélé. Ẹ fi ìwé rẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ àjọ, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ alájọ kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé àlàyé yín.

Àwọn yòókù:

- wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, pàápàá akẹ́kọ̀ọ́;
- orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí kò bára mu lórí pásípọ́ọ̀tù, ìwé ìbí àti sátífíkéètì ìgbéyàwó;
- orílẹ̀-èdè kan ti kọ̀ yín rí, ẹ sì fi pa mọ́;
- ẹjọ́ ọ̀daràn wà lẹ́yìn yín;
- ìwé tí kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìtumọ̀.

Ọ̀rọ̀ fífi ìkọ̀sílẹ̀ pa mọ́ dùn mí jù. Wọ́n máa ń rí i. Bí orílẹ̀-èdè kan bá kọ̀ yín, ìyẹn nìkan kò sọ pé Ìlú Ọba máa kọ̀ yín. Bí ẹ bá sì parọ́ nípa rẹ̀, wọ́n lè fòfin dè yín fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òtítọ́.

Ṣé kí n sanwó kó yá?

Priority Visa jẹ́ £500 lórí owó físà, èsì sì máa ń jáde láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5. Super Priority jẹ́ £1,000. Ìyẹn ń fojú sí ìparí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìtẹ̀ka. Fún físà ọkọ tàbí aya, kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Èmi ò ní sọ pé kí gbogbo èèyàn rà á. Bí ọjọ́ ìsìnkú tàbí iṣẹ́ abẹ bá ti súnmọ́, tí ìwé yín sì mọ́ tónítóní, ẹ rà á. Bí ìwé yín bá ní ohun tó nílò ìwádìí, owó yẹn kò lè fo ìwádìí náà, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ yín. Priority kì í mú kí físà ṣeé ṣe ju bó ṣe wà lọ. Ó kàn ń jẹ́ kí wọ́n tètè gbé e yẹ̀ wò ni.

Ọjọ́ ti pé, èsì ò dé

1. Ẹ tún un kà. Kì í ṣe láti orí. Ẹ mú kàlẹ́ńdà.

2. Ẹ yẹ ímeèlì wò, títí dé Spam. Wọ́n lè ti béèrè ìwé kan, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fèsì. Bí ájẹ́ǹtì bá fi ímeèlì tirẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, lẹ́tà náà ń lọ bá a, kò sì di dandan kó sọ fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ímeèlì yín ni kó wà níbẹ̀, nígbà gbogbo.

3. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ yín gba àfiyèsí. Lẹ́tà kan wà tó ń sọ pé wọn ò ní lè pinnu láàárín àsìkò tí wọ́n máa ń lò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìkọ̀sílẹ̀ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn túmọ̀ sí pé ìwádìí ń lọ, àti pé kíkà ọjọ́ 15 kò kàn yín mọ́.

4. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka físà Ìlú Ọba. Ọ̀nà tó wà lórí gov.uk nìkan ni kí ẹ lò, wọ́n sì ń gba owó díẹ̀ fún ìbéèrè láti òkè òkun. Ẹ fi nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GWF, orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìtẹ̀ka sí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo. Bí ẹ bá kọ mẹ́fà lọ́sẹ̀ kan, kò ní yá a.

5. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rí. Ikú, àìsàn líle, iṣẹ́ abẹ: ẹ fi lẹ́tà ilé ìwòsàn tàbí ìwé ikú sí i, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín mú un yá. Kò dájú pé wọ́n máa gbà, àmọ́ ó tọ́ láti bẹ̀bẹ̀.

6. Ẹ jẹ́ kí ará yín tó wà lọ́hùn-ún ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ tó ń gbé ní Peckham lè kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò rẹ̀. Ọ́fíìsì aṣòfin náà lè bi ilé iṣẹ́ ìjọba léèrè pé ibo ni ọ̀rọ̀ dé. Aṣòfin kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n fún yín ní físà.

7. Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ pe ilé ẹ̀kọ́ yín kíá. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ti gbà kí èèyàn pẹ́ dé jù, àti bóyá wọ́n lè sún ìwọlé yín sí oṣù kìíní. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tó ń fi owó ṣòfò

- Ríra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé yí padà. Wọn ò bi yín léèrè rẹ̀. Ètò ìrìn àjò lásán ti tó.
- Fífi fọ́ọ̀mù kejì ránṣẹ́ nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀.
- Bíbéèrè pásípọ́ọ̀tù padà láàárín méjì. Ó lè fagi lé ìwé yín. Bí ẹ bá sì ti tẹ ìka, owó físà kò ní padà sọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa nílò pásípọ́ọ̀tù fún ìrìn àjò míì, ẹ béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ bóyá ibùdó yín ń gbà kí èèyàn mú un lọ.
- Fífi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí ta ẹrù ilé kí físà tó jáde.
- Sísan owó fún ẹni tó ní òun “mọ ẹnì kan nínú”. Àwọn tó ń gba ìwé ní ibùdó kì í ṣe ìpinnu, wọn ò sì mọ èsì. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín láti “ti fáìlì” kò lè dé ibi tí fáìlì wà.

Àwọn orílẹ̀-èdè míì

*Schengen.* Ọjọ́ 15 ni òfin sọ, ó sì lè di 45 bí ìwádìí bá wà. Ọjọ́ gidi ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ọjọ́ 15. Àyè ìfiwésílẹ̀ ló ṣòro jù níbẹ̀.

*Kánádà.* Àsìkò tí wọ́n kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́ iye tó gba wọ́n láti parí ọ̀pọ̀ ìwé tó ti kọjá, kì í ṣe ìlérí fún tiyín. Bí wọ́n bá fi lẹ́tà ìtẹ̀ka ránṣẹ́, ọjọ́ 30 lẹ ní. Ọ̀nà kíákíá tó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ parí ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, ọdún 2024. Bí ájẹ́ǹtì bá ṣì ń tà á, ẹ sá.

*Amẹ́ríkà.* Ìdúró méjì ló wà: dídúró de ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àti dídúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé 221(g), wọ́n fẹ́ ìwé sí i tàbí wọ́n fẹ́ wádìí. Ojú òpó wọn lè kọ “Refused” síbẹ̀ lákòókò yẹn, àyà á sì já. Ẹ ka ìwé tí wọ́n fún yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú nǹkan wá, ọdún kan lẹ ní láti mú un wá. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, ọdún 2026, Amẹ́ríkà ti fi ìdíwọ́ sí físà ìbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, nítorí náà ẹ wo ipò òfin kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Nígbà tí èsì bá dé

Ímeèlì tó máa sọ pé wọ́n ti pinnu kì í sábà sọ ohun tí wọ́n pinnu. Inú lẹ́tà ìpinnu tàbí pásípọ́ọ̀tù ni ẹ ti máa rí i. Bí wọ́n bá kọ̀ yín, ẹ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Fún físà ìbẹ̀wò, kì í sábà sí ìpẹ̀jọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹ bá ti tún ohun tí wọ́n sọ ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ 28 láti ní kí wọ́n tún ìpinnu náà wò bí wọ́n bá ṣàṣìṣe.

Bí wọ́n bá fún yín, tó sì jẹ́ sítíkà nínú pásípọ́ọ̀tù ni, ẹ má tíì kúrò ní ibùdó kí ẹ tó wo nǹkan wọ̀nyí:

- orúkọ àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù;
- ọjọ́ tí físà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí;
- irú físà tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Láti ọjọ́ 15 oṣù Keje, ọdún 2025, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ kò rí sítíkà nínú pásípọ́ọ̀tù mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni físà tiwọn wà. Ẹ ṣí àkáǹtì yín, ẹ wo nǹkan kan náà níbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé pásípọ́ọ̀tù tí ẹ máa gbé rìn ni ó so mọ́ ọn. Bí lẹ́tà kan bá ṣì lórí orúkọ, ẹ fi tó wọn létí lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.